Àbúrò mi kò lè jókòó mọ́ látìgbà tó ti ń lo oògùn ọpọlọ. Ṣé àìsàn náà ló ń padà ni?

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn ni àìsàn ọpọlọ kọ lu àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 23. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́. Ó ní inú ògiri ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òun, ó ní wọ́n ti ki nǹkan bọ fóònù òun. Oorun dá lójú rẹ̀ pátá. Ilé ìwòsàn dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n sì fún un ní oògùn tó ń jẹ́ risperidone. Mílígíráàmù 2 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e sí 4, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n wá gbé e sí 6.

Ká sọ òótọ́, oògùn náà ṣiṣẹ́. Ohùn yẹn ti dákẹ́. Ó ti ń bá wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ láti nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá báyìí, kò lè jókòó. Ó máa fìdí lé àga, kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ó ti dìde. Ìdúró ló ń jẹun, á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, á gbé tòsì, bí ẹni tó ń gún amọ̀. Lóru àná mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, láti ojú fèrèsé padà sẹ́nu ọ̀nà. Mo kà á lálọ lábọ̀ títí ó fi lé ní igba, mi ò lè kà á mọ́.

Ìyá wa ní àìsàn ló ń padà yẹn, kí á sọ fún dókítà kó fi kún oògùn. Òun alára ní oògùn ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀, àti pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, òun ò ní fẹnu kàn án mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo Ti Dé Ibẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ti àbúrò yín ni kí ẹ gbọ́. Ibi tí ẹ ti ní ó ń dúró jẹun, ńṣe ni omi bọ́ lójú mi.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń lo oògùn fún irú àìsàn yìí. Haloperidol ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó dà bíi pé ìjàlọ wọ inú egungun ẹsẹ̀ mi. Kì í ṣe pé ìrìn wù mí. Bí mo bá ń rìn, ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Tí mo bá dúró, ó tún gbéra. Mo máa ń nà gbalaja sílẹ̀, máa gbé ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri, bóyá ara á tù mí. Pàbó. Àwọn ará ilé ní wèrè mi ti ń le sí i. Wọ́n sọ fún dókítà pé n kò sinmi, dókítà fi kún oògùn, ìjàlọ náà sì pọ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fi wà bẹ́ẹ̀.

Akathisia ni wọ́n ń pè é. Oògùn ló ń fà á, pàápàá láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n gbé tirẹ̀ sí 6, kí ẹ tún wo ọjọ́ tí ìrìn bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ló yọ mí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé ọkàn ẹ ni kò balẹ̀ ni, àbí ẹsẹ̀ ẹ?" Mo ní ẹsẹ̀ mi ni. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Ẹ bi àbúrò yín náà lálẹ́ yìí, kí ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ má bá a tún un ṣe.

Ohun kan kù tí kò yẹ kí n fi pamọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn, mo ro ikú. Kì í ṣe ohùn kankan ló ní kí n kú. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan inú ẹsẹ̀ mi yẹn dáwọ́ dúró ni. Ẹ bi í léèrè tààrà bóyá irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá sí i lọ́kàn. Ìbéèrè kọ́ ló ń gbin irú èrò bẹ́ẹ̀ síni lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ òní.

Bàbá Onísùúrù

Ọmọ mi, mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, mi ò sì ta kò ó. Àmọ́ má ṣe bá ìyá rẹ wí. Ẹ̀rù tó ń bà á, mo mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin tèmi náà rìn ní òru, tirẹ̀ sì jẹ́ àìsàn tó ń padà lóòótọ́, torí ó ti ń ju oògùn sínú ihò ìfọwọ́ fún oṣù kan láìjẹ́ ká mọ̀.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyí, bí èmi ṣe rí i. Ọmọ mi kò ráhùn. Ó ń rìn, ó sì ń dá sọ̀rọ̀. Oúnjẹ di ìfura. Kò fẹ́ kí iná wà ní títàn nínú yàrá. Ó ní òun ò nílò oorun mọ́, ara òun le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ tìrẹ ń wá bá yín, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ẹni tí àìsàn náà ń padà sí lára kì í sábà mọ̀ pé ara òun ò yá.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì tó ṣáájú mi tọ̀nà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Wọ́ọ̀dù àìsàn ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, mo sì ti rí i tí wọ́n ń pe akathisia ní oríkunkun, tí wọ́n ń pè é ní ìjà, tí wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ haloperidol míì dá a lóhùn. Ohun tó bá fa iná lẹ fi ń pa iná yẹn.

Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sọ pé: "Ọjọ́ báyìí lẹ gbé risperidone rẹ̀ sí 6. Láti ọjọ́ báyìí ni kò ti lè jókòó." Gbólóhùn méjì yẹn tó. Dókítà lè dín in kù, ó lè gbé e kúrò lórí rẹ̀ sórí òmíràn, ó sì lè fi propranolol, oògùn kan tó lè dín àìlèjókòó yìí kù, tì í lẹ́yìn. Bí àbúrò yín bá ní ásímà, ẹ tètè sọ ọ́, nítorí propranolol kò yẹ ẹni tó ní ásímà. Àmọ́ ẹ má ṣe dín in kù fúnra yín, ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó má já a sílẹ̀ lójijì. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, pé ẹ máa pè wọ́n tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, gbígbà tí a gba èèyàn gbọ́ ló máa ń jẹ́ kó lè lo ti alẹ́ kan sí i.

Ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamine, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa jẹ́ iṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní apá kan nínú ọpọlọ, tó bá ti pọ̀ jù, gbogbo nǹkan á wá di àmì: ìró lásán á di ọ̀rọ̀, ẹni tó kàn wò ẹ́ fìrí á di ọ̀tá. Oògùn wọ̀nyí máa ń dí ẹnu ọ̀nà mọ́ dopamine. Ṣùgbọ́n dopamine yìí kan náà ló ń bójú tó bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé àti bí ọrùn ṣe ń yí, oògùn ò sì mọ ẹnu ọ̀nà ti ibí yàtọ̀ sí ti ọ̀hún. Ẹnu ọ̀nà tó bá bá lọ́nà ló ń dí.

Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan dé. Ọrùn rẹ̀ ti yí sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti yí sókè, kò lè gbé e wálẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ti wú sẹ́nu bíi pé kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn tó gbé e wá rò pé ó ń kú lọ ni. Ọjọ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ haloperidol ni. Abẹ́rẹ́ benztropine kan la fún un, kó tó tó ìdajì wákàtí, ọrùn ti padà sípò, ó ń béèrè omi. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni irú èyí máa ń mú jù, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àkọ́kọ́. Ó ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ̀ kíá.

Èyí tí kò gba kí á ronú lé e rárá ni kí ara gbóná fòò, kí iṣan le gbandi bí igi, kí òógùn máa dà, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ má sì lórí mọ́. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì ń pani. Tí ẹ bá rí i, ẹ má fún un ní oògùn tó kàn; ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ mú páálí oògùn dání.

Ìyàwó Ẹni

Àǹtí mi, mo fẹ́ sọ ohun kan kí ẹnikẹ́ni tó gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Bí àbúrò yín bá kọ oògùn lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pò ó mọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Èmi ṣe é. Ọkọ mi kọ oògùn, èmi àti ìyá rẹ̀ bá fi ẹnu kò pé ká máa fi sínú oúnjẹ. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ara rẹ̀ ń yá, inú wa ń dùn, òun náà ń sọ fáyé pé òun bọ́ láìlo oògùn kankan. Ní ọjọ́ kan ó tètè dé, ó bá mi ní ìdí iná, mo ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ hóró oògùn nínú àwo. Kò pariwo. Ó dúró, ó wo àwo, ó wò mí, ó ní, "Òótọ́ ni nígbà náà."

Ẹ rántí pé nígbà tí àìsàn mú un, ohun tó ń wí lójoojúmọ́ ni pé wọ́n ń fi nǹkan sínú oúnjẹ òun. A sọ fún un lẹ́gbẹ̀rún ìgbà pé irọ́ ni. Àwa náà la wá sọ ọ́ di òótọ́. Ọdún kan ààbọ̀ ni kò fi jẹ oúnjẹ tí ọwọ́ mi sè. Oúnjẹ inú agolo tó fúnra rẹ̀ ṣí ló ń jẹ, ó sì máa ń yẹ ìdí agolo náà wò.

Ohun tó padà ràn wá lọ́wọ́ ni ìwé kan tó kọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó kọ àmì tí a máa fi mọ̀ pé àìsàn ń bọ̀, ó kọ oògùn tó gbà láti lò, ó kọ èyí tí òun kò fẹ́ rí mọ́ láyé, ó kọ orúkọ ẹni tí òun fẹ́ kó sọ ọ́ fún òun. Kì í ṣe èmi ló yàn, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni. Ó dùn mí, àmọ́ mo gbà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la tíì lo ìwé náà láti ọdún mẹ́rin. Àbúrò rẹ̀ fi han án, ó ka ìkọ̀wé ara rẹ̀, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá na ọwọ́ gba oògùn náà.

Abẹ́rẹ́ Oṣooṣù

Ẹ dákun, kí n fi tèmi kún un ní ṣókí. Bó bá jẹ́ pé àríyànjiyàn ojoojúmọ́ lórí hóró oògùn ló ń da ilé rú, tàbí pé ó máa ń gbàgbé, abẹ́rẹ́ tó ń pẹ́ nínú ara wà. Fluphenazine decanoate máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Paliperidone, tó jẹ́ ọmọ ìyá risperidone, ní ti oṣù kan, lẹ́yìn náà ti oṣù mẹ́ta, ó sì ní ti oṣù mẹ́fà pàápàá. Lórí ti oṣù kan ni mo wà. Kò sẹ́ni tó ń bi mí mọ́ láràárọ̀ pé "o ti lò ó?", àlàáfíà tó sì wọ àárín èmi àti ìyá mi nípa bẹ́ẹ̀ kò kéré.

Àmọ́ èyí tó bá ti wọlé nípa abẹ́rẹ́, kò ṣeé fà jáde. Kí hóró rẹ̀ kọ́kọ́ bá ara àbúrò yín mu ná. Pẹ̀lú ìrìn tó ń rìn yìí, kò tíì tó àkókò.

Apòògùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ìyá yín mọ̀ pé oògùn àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ oògùn ìkẹyìn. Ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005, CATIE ni wọ́n pè é. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n fún ní oògùn, 74 ló kúrò lórí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn kó tó pé oṣù 18. Àwọn kan nítorí pé kò ṣiṣẹ́ tó, àwọn kan nítorí pé ara wọn ò gbà á. Pípààrọ̀ oògùn kì í ṣe àmì pé nǹkan ti bàjẹ́.

Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Haloperidol àti risperidone máa ń da ìrìn ara láàmú. Risperidone tún máa ń gbé prolactin sókè, ìyẹn èròjà inú ara tó ń mú kí omi ọmú wá: nǹkan oṣù obìnrin lè dáwọ́ dúró, omi ọmú lè máa jáde láìsí ọmọ, ọkùnrin náà lè rí i pé agbára òun níbi ìbálòpọ̀ ti dín. Ojú ń ti àwọn èèyàn láti sọ èyí, nítorí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń já oògùn sílẹ̀ láìwí fún ẹnikẹ́ni. Olanzapine rọrùn fún ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń mú èèyàn sanra kíákíá, ebi rẹ̀ kì í tán. Quetiapine ń kun èèyàn lóorun. Aripiprazole kì í sábà mú èèyàn sanra tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun náà lè fa àìlèjókòó yìí, nítorí náà ẹ má ka orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ wá ní òun ni ẹ fẹ́. Oògùn yòówù kí wọ́n fún un, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n wo ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti lóṣù mẹ́ta sí i.

Ṣé àbúrò yín ń mu sìgá? Mo bèèrè nítorí pé èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára tú olanzapine àti clozapine ká. Ẹni tó ń mu sìgá lè nílò oògùn tó pọ̀ sí i. Tó bá wá jáwọ́ lójijì, oògùn yẹn á gorí ara wọn, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Èéfín ló ń ṣe é, kì í ṣe nicotine, torí náà ẹni tó bá yí sí nicotine tí a ń lẹ̀ mọ́ ara gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà bákan náà. Ti risperidone kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìkejì Mi

Apòògùn, ẹ jọ̀ọ́, lithium ni ìbejì mi ń lò, tirẹ̀ ni kí inú dùn jù kó tún bà jẹ́ jù. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Apòògùn

Rárá o, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Iyọ̀ ilẹ̀ ni lithium. Dókítà ará Australia kan, John Cade, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1949 pé ó ń mú ara àwọn tí inú wọn ń ru sókè balẹ̀. Agbára rẹ̀ pọ̀, àmọ́ èyí tó ń wòsàn àti èyí tó ń pani kò jìnnà síra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ láti wò ó. Tí ìkejì yín bá ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó gbẹ, tàbí tó lo ibuprofen fún ara ríro, lithium lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí ọwọ́ máa gbọ̀n púpọ̀, kí ẹsẹ̀ máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ máa lọ́: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ kíndìnrín àti thyroid rẹ̀, ìyẹn ẹṣẹ́ kan tó wà ní ọrùn, wò pẹ̀lú.

Ọmọ Ìyá Kan

Mo ń ka gbogbo èyí, ó ń rán mi létí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Oògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la lò, èkíní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èkejì oṣù méjì, wọ́n gbé wọn dé ibi tó yẹ, ohùn ò lọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n wá fi ń yí i láti ọ̀kan sí òmíràn kí ẹnì kan tó dárúkọ clozapine fún wa. Ọdún mẹ́fà yẹn ń dùn mí di òní, torí pé lẹ́yìn oògùn méjì tí kò ṣiṣẹ́ ló yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́.

Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Ní 1975, àwọn kan kú ní Finland nítorí pé clozapine mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sí ohun tó lè bá àrùn jà fún wọn mọ́. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló pa á tì. Ní 1988 ni ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí oògùn mìíràn ti kọ̀ fún: 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló sàn lórí clozapine, mẹ́rin péré ló sàn lórí chlorpromazine, oògùn àtijọ́ kan. Bó ṣe padà nìyẹn, pẹ̀lú àdéhùn pé wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni tiwa ní ìbẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ó wá di oṣooṣù.

Ohun mẹ́ta la lẹ̀ mọ́ ara ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ amóhuntutù. Ibà tàbí ọ̀fun dídùn: ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta láìrí ìgbẹ́ yà: dókítà, nítorí pé àìrígbẹ́yà orí clozapine ti pa èèyàn rí. Bí oògùn bá já fún ju wákàtí 48 lọ: a ò gbọ́dọ̀ kàn padà sórí iye tó ń lò, ìbẹ̀rẹ̀ ni, láti orí kékeré. Itọ́ tún máa ń dà lẹ́nu rẹ̀ lóru, aṣọ ìnura ló ń tẹ́ sórí ìrọ̀rí.

Lóṣù karùn-ún ó pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ní kí n gbọ́. Mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ọjọ́ márùn-ún ti kọjá.

Mo bi í ní ìbéèrè yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ọkàn mi wà jẹ́ẹ́. Láti orókún dé ìsàlẹ̀ ni wọn ò jẹ́ kí n gbádùn." Mo bi í nípa ikú náà. Ó ní rárá, àmọ́ ó ní ó ti ń rẹ òun. A pe ilé ìwòsàn láàárọ̀, mo ka ohun tó sọ fún wọn bó ṣe sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ní ká máa bọ̀. Dókítà ní kó jókòó, ó wò ó, ó ní kó dìde, ó tún wò ó. Wọ́n dá a padà sí 4, wọ́n fi propranolol kún un. Ìyá wa bá wa lọ. Nígbà tí dókítà ṣàlàyé tán, ó di ọwọ́ àbúrò mi mú, ó ní kó má bínú.

Ìrìn náà kò tíì lọ tán, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ. Ìbéèrè tó kù lọ́kàn wa ni pé: títí dìgbà wo ni yóò fi máa lò ó? Ó ti ń bèèrè, mi ò sì fẹ́ purọ́ fún un.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ ṣé gan-an tí ẹ padà wá sọ fún wa.

Fún ẹni tí àìsàn yìí bá lẹ́ẹ̀kọ́kọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ń sọ ni ó kéré tán ọdún kan sí méjì lẹ́yìn tí ara ti yá. Ìwádìí kan tó jáde ní 1999 tọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn fún ọdún márùn-ún: ewu kí àìsàn padà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún fún ẹni tó bá dáwọ́ oògùn dúró. Kì í sì í padà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ló máa ń fà á, èèyàn á ti rò pé òun ti bọ́. Bó bá fẹ́ dá a dúró lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti gbé e sọ, kí òun àti dókítà máa dín in díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kí ẹ̀yin ilé sì mọ̀.

Oògùn yìí kì í di bárakú bí diazepam, oògùn ìfọkànbalẹ̀ kan, ṣe lè dì. Kò ní máa wá a kiri. Ẹ sọ ìyẹn fún un, torí ó máa ń ba àwọn ọ̀dọ́ lẹ́rù.

Oògùn tuntun sì ń bọ̀ lọ́nà. Láti ìgbà tí àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ti fi chlorpromazine wo irú àìsàn yìí ní 1952, ẹnu ọ̀nà dopamine ni gbogbo wọn ń bá jà. Ní 2024 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan tó gba ọ̀nà mìíràn pátápátá, xanomeline àti trospium nínú hóró kan, kì í sì í fọwọ́ kan ẹnu ọ̀nà yẹn. Kò tíì dé ibi gbogbo, àmọ́ ọmọ ọdún 23 ni àbúrò yín.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin

Èmi kọ́ ló ń kọ eléyìí, àbúrò ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bèèrè fúnra mi. Ẹ kú alẹ́, sà. Mo Ti Dé Ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́: ohùn ti lọ, ẹsẹ̀ ti ń sinmi, ṣùgbọ́n orí mi wúwo. Mo máa ń ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó yé mi. Ṣé bó ṣe máa rí nìyí?

Mo Ti Dé Ibẹ̀

Àbúrò mi, káàbọ̀. Inú mi dùn pé ìwọ lo kọ ọ́.

Tèmi rí bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méje. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti oògùn, díẹ̀ jẹ́ ti àìsàn fúnra rẹ̀, ọpọlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi tó lọ dé ni. Sọ ọ́ fún dókítà bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí, pẹ̀lú ojú ìwé kan àti ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn. Bi wọ́n bóyá o lè lo gbogbo rẹ̀ lálẹ́ dípò àárọ̀. Ìyẹn nìkan la àárọ̀ mi.

Fún ìwé kíkà, èmi máa ń ka ìdajì ojú ìwé, máa pa á dé, máa sọ ohun tí mo kà fún ara mi sókè. Tí mi ò bá rántí, mi ò ní bínú, máa dìde mu omi. Oṣù kẹjọ ni mo ka ìwé kan tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ṣì ní in lọ́wọ́. Ìwé wo lò ń kà?